Encryption: ẹnà tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ̀rọ̀

"Mogo fẹ́gẹ́ lọgọ sọ́gọ́jàgà." Bí àgbàlagbà bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwa ọmọdé nígbà yẹn, yóò ní ariwo la ń pa. Ọjà la sọ pé a fẹ́ lọ.

Ẹnà ni encryption. Àmọ́ ní ti ẹnà tiwa, ẹni tó bá ti mọ ibi tá a ń ki "g" bọ̀, ó ti tú gbogbo ẹ̀. Ti kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò pamọ́: ìjọba Amẹ́ríkà gbé èyí tó gbajúmọ̀ jù, AES, síta fún gbogbo ayé lọ́dún 2001. Kọ́kọ́rọ́ tó ń tú u nìkan ló pamọ́. Nọ́ńbà gbọọrọ ni, ẹ̀rọ kankan ò sì lè dán gbogbo nọ́ńbà tó lè jẹ́ wò tán.

Password tá a fi ń ṣí láptọ́ọ̀pù kì í ṣe encryption o. Mo rí i lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ọláìyá, níbí l'Óṣogbo. Oníbàárà gbàgbé password, ó tú hard disk yọ, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, àwòrán ìkómọ bá tú jáde wọ̀ọ̀. Ó so òmíràn tí wọ́n ti encrypt mọ́ ọn, ẹ̀rọ ní kó format ẹ̀ ni, ìyẹn ni pé kó pa gbogbo ohun inú ẹ̀ rẹ́. Kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ò ṣeé já, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ni òfin ń wá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin RIPA ọdún 2000 (apá yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007) jẹ́ kí ọlọ́pàá tó gba àṣẹ lè bèèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá nídìí láti gbà pé ó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá kọ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 lè dé. Tó bá kan ààbò ìlú tàbí ìwà ìbàjẹ́ sí ọmọdé, 5. Wọn ò nílò láti bá nǹkan burúkú nínú fáìlì náà. Kíkọ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀. Ní Philadelphia l'Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ní òun ti gbàgbé password lo ohun tó lé lọ́dún 4 látìmọ́lé, kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó sọ ní 2020 pé oṣù 18 ló yẹ kó mọ. Nílé wa, abala 45 òfin Cybercrimes ti 2015 gbà kí adájọ́ fún agbófinró láṣẹ láti tú irú fáìlì bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi kan ń lọ kàwé ní Manchester. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ fún un ní flash tí wọ́n ti encrypt: "Bá mi gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi. Kò lè ṣí lọ́wọ́ ẹ o."

Mo ní, "Ṣé o mọ password ẹ̀?"

"Rárá, bọ̀dá mi."

"Tí àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ bá ní o mọ̀ ọ́n ńkọ́? Kí lo máa fi hàn wọ́n?"

Ó dákẹ́. Òótọ́ ni pé òfin ò ní kí wọ́n fìyà jẹ ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ máa ro ìyẹn lẹ́jọ́ nílùú onílùú? Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló gun ọ̀kadà lọ sí Ìgbọ̀nà, ó dá flash padà fún olówó ẹ̀.