Ìwádìí Ìṣègùn: Báwo Ni Dókítà Ṣe Ń Mọ̀ Pé Oògùn Ló Ṣiṣẹ́?

Bí èèyàn bá dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà níṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, kó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ìwádìí kan là ń ṣe lórí irú àìsàn tó ń ṣe yín yìí, a sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa bá wa kópa níbẹ̀." Àwọn kan á fọwọ́ sí i láìkà á, nítorí ẹni tí ara ń ni kì í fẹ́ bá dókítà fa ọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn á fárígá pé ẹnikẹ́ni ò ní fi àwọn dán nǹkan wò. Nínú àwọn méjèèjì, ó ṣọ̀wọ́n kí á rí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ òun gan-an.

Ìtọ́jú, tìrẹ ni. Ohun tí dókítà mọ̀ pé ó dára fún ẹni tó ní irú àìsàn rẹ ló ń ṣe fún ọ. Ìwádìí ìṣègùn ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè tí kò tíì sí ẹni tó mọ ìdáhùn rẹ̀: èwo ló sàn jù nínú oògùn méjì yìí? Kí ló dé tí ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ fi ń kẹ̀ lára àwọn kan? Ta ni ojú rẹ̀ máa tètè fọ́ nínú àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà? Àwọn aláìsàn ọjọ́ iwájú ni ìdáhùn náà máa wúlò fún jù. Ó lè ṣe ìwọ náà láǹfààní, ó sì lè má ṣe ọ́ ní kankan. Dókítà kan náà lè máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ nínú wọ́ọ̀dù kan náà láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, ìdí sì nìyẹn tó fi rọrùn láti pò wọ́n pọ̀.

Púpọ̀ nínú ìwádìí tí ń lọ ní irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ kò ní oògùn tuntun nínú rárá. Fáìlì àtijọ́ ni. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ láti di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, ì báà jẹ́ ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ, ti àwọn ọmọdé, ti ojú tàbí ti ìgbẹ̀bí, gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí tirẹ̀ parí kó tó gbàwé ẹ̀rí. Ẹ wò ó nínú yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Ó ti da orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n yọ àpẹ́ńdíìsì wọn láàárín ọdún márùn-ún kọ láti inú rẹ́jísítà yàrá iṣẹ́ abẹ, ó wá ń fa fáìlì wọn yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún mélòó? Ọjọ́ mélòó ni inú ti ń run ún kó tó dé ilé ìwòsàn? Ṣé àpẹ́ńdíìsì náà ti bẹ́ nígbà tí wọ́n ṣí ikùn? Ojú ọgbẹ́ ńkọ́, ṣé ó kẹ̀? Ọjọ́ wo ló lọ sílé?

Iṣẹ́ yìí kò náni lówó púpọ̀, kò sì fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni wéwu. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀fìn pọ̀ sí. Ká ní orúkọ 200 ló wà nínú rẹ́jísítà, tó sì jẹ́ pé fáìlì 150 ló rí. Àádọ́ta tó kù yẹn kì í ṣe ohun à ń fojú fò. Ó lè jẹ́ pé ibòmíràn ni wọ́n ń kó fáìlì àwọn tó kú sí, tí ìwádìí náà á wá dà bíi pé gbogbo wọn ló yè. Ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ sì kẹ̀ nígbà tó délé, tó gba ilé ìwòsàn mìíràn lọ, nínú fáìlì tibí, ara rẹ̀ ti yá nìyẹn. Èmi kì í ka irú ìwádìí báyìí tán kí n tó wá ibi tí wọ́n ti sọ iye fáìlì tí wọn ò rí. Bí wọn ò bá sọ ọ́ rárá, mi ò ní fi gbogbo ara gbà á gbọ́.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ilé ìwòsàn ńlá ni àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ń gbé ohun tó bá kọjá agbára wọn lọ. Bí gìrì aboyún bá pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ wọ́ọ̀dù ìbímọ ibẹ̀, kò túmọ̀ sí pé bẹ́ẹ̀ náà ló pọ̀ tó láàárín gbogbo aboyún àgbègbè náà. Àwọn tí ara wọn le koko, tí wọ́n bímọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò débẹ̀.

Ìròyìn aláìsàn kan tàbí méjì pàápàá máa ń wúlò nígbà mìíràn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1981, ìwé ìròyìn ìlera kan ní Amẹ́ríkà gbé ìròyìn àwọn ọ̀dọ́kùnrin márùn-ún jáde ní Los Angeles, tí irú òtútù àyà kan tí kì í sábà mú ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá kọlù. Márùn-ún péré. Ìròyìn yẹn ni àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nípa àrùn tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí AIDS. Iṣẹ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni láti ta àwọn yòókù lólobó. Kò lè sọ oògùn tó ṣiṣẹ́ fúnni.

Kí ló dé tí kò lè sọ ọ́? Ọ̀pọ̀ àìsàn ló ń lọ fúnra rẹ̀. Ọ̀fìnkìn á lọ, yálà a lo oògùn tàbí a ò lò ó. Ẹ̀yìn á ro èèyàn títí, ọjọ́ tó bá wá ro ó jù ló máa lọ rí dókítà. Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó máa dínkù dandan ni, oògùn ni yóò sì gbọpẹ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó bá ka kìkì àwọn tó lo oògùn tí ara wọn yá, ẹjọ́ ẹnìkan ló gbọ́. Ó kù kó lọ wo àwọn tí kò lò ó.

Ohun tí James Lind, dókítà inú ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe lọ́dún 1747 nìyẹn. Àìsàn scurvy, tó ń mú kí erìgì wú kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀, ń pa àwọn atukọ̀ bí ẹni ń pa adìyẹ. Lind mú àwọn méjìlá tí àìsàn náà ń ṣe bákan náà, ó fi wọ́n síbì kan náà, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, ó wá pín wọn ní méjì-méjì. Àwọn méjì ń mu omi òkun, àwọn méjì ń mu ọtí kíkan, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, títí dórí àwọn méjì tó ń jẹ ọsàn àti òroǹbó wẹ́wẹ́ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kẹfà tí ọsàn tán, ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Lind tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1753, àmọ́ ó di 1795 kí iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi tó pàṣẹ pé kí wọ́n máa fún àwọn atukọ̀ ní omi òroǹbó. Ó ti kú ní ọdún kan ṣáájú.

Lind ló fọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹni tó máa gba kí ni. Ibẹ̀ ni ìwádìí òde òní ti yà kúrò lọ́nà tirẹ̀. Bí a bá ní kí dókítà yàn, kódà kó jẹ́ olóòótọ́ èèyàn, ọkàn rẹ̀ á fẹ́ kó fi oògùn tuntun fún ẹni tó rò pé ó ṣì lè yè. Nígbà tí àwọn tó gba oògùn bá wá ṣe dáadáa, a ò ní mọ̀ bóyá oògùn ni tàbí agbára tó ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, gègé ni wọ́n ń ṣẹ́. Gègé kò mojú ẹnikẹ́ni. Bí èèyàn bá pọ̀ tó, yóò pín àgbà àti ọmọdé, ẹni tó le àti ẹni tó ti rẹ̀, sí apá méjèèjì fúnra rẹ̀, títí kan ohun tí dókítà kò ronú kàn rárá.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, oògùn streptomycin ṣẹ̀ṣẹ̀ dóde, èyí tó sì wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè kárí àwọn tó ní ikọ́ ife. Austin Bradford Hill, onímọ̀ ìṣirò nípa ọ̀rọ̀ ìlera, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí wọ́n ṣẹ́ gègé, kí wọ́n sì fi èsì rẹ̀ sínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, tí dókítà kò ní ṣí títí aláìsàn á fi wọlé sínú ìwádìí. Wọ́n gbé èsì jáde lọ́dún 1948: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 4 ló kú nínú àwọn 55 tó gba oògùn, nínú àwọn 52 tó kàn dùbúlẹ̀ sinmi, 14 ló kú.

Àpẹẹrẹ tó wù mí jù lọ ni ìwádìí tí wọ́n ń pè ní FEAST. Ìlà-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ṣe é, ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tànsáníà, láwọn ilé ìwòsàn tí ọmọ tí ibà líle ti mú títí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi tutù ti máa ń wọlé tọ̀sán-tòru. Ohun tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà láti ọdún pípẹ́ ni pé kí wọ́n tètè da omi púpọ̀ sínú iṣan irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu. Ojú dókítà náà sì rí i: bí omi bá ti wọlé, ara ọmọ á kọ́kọ́ sọjí díẹ̀. Wọ́n ṣẹ́ gègé lórí ọmọ 3,141. Àwọn kan gba omi kíákíá, oríṣi omi méjì ni wọ́n sì lò. Àwọn yòókù gba gbogbo ìtọ́jú mìíràn, àmọ́ wọn ò da omi púpọ̀ sí wọn lára lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín wákàtí 48, nǹkan bíi 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú láàárín àwọn tó gba omi kíákíá. Láàárín àwọn tí kò gbà á, 7.3 ni. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ èsì ní kí wọ́n dá ìwádìí náà dúró kó tó parí, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2011. (Ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara rẹ̀ tán kò sí nínú àwọn wọ̀nyí o, onítọ̀hún nílò omi.)

Kì í ṣe pé àwọn dókítà wọ̀nyẹn ya ọ̀lẹ tàbí òpè. Ohun tí ojú wọn rí láàárín wákàtí kìíní ni wọ́n gbà gbọ́. Láìsí ẹgbẹ́ kejì tí wọ́n lè fi wé, kò sí bí ẹnikẹ́ni ì bá ṣe mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń ṣe láti gba ọmọ là ń pa lára àwọn tí ì bá yè.

Ibi tí wọ́n bá ti lè ṣe é, wọ́n máa ń jẹ́ kí àwọn tí kò gba oògùn gba nǹkan tó jọ ọ́ bí ìbejì, tí kò ní oògùn nínú, kí aláìsàn àti dókítà má baà mọ ẹni tó wà lápá ibo. Fún hóró oògùn, ó rọrùn. Fún iṣẹ́ abẹ, ó ṣòro, àmọ́ àwọn kan ti ṣe é rí. Lọ́dún 2002, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí aláìsàn 180 tí eegun orúnkún wọn ti jẹ. Àwọn kan gba ojúlówó iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń fi kámẹ́rà ṣe, wọ́n kàn gé awọ ara àwọn yòókù díẹ̀, wọ́n sì rán an padà. Fún ọdún méjì gbáko, ìrora àwọn tó gba iṣẹ́ abẹ kò fi bẹ́ẹ̀ dínkù ju ti àwọn tí wọ́n gé lásán. Ẹ ò rí nǹkan!

Wàyí o, ilé ìwòsàn kan kì í sábà ní aláìsàn tó pọ̀ tó láti dáhùn ìbéèrè ńlá. Ìwádìí WOMAN, tó wo oògùn tranexamic acid fún ìyálọ́mọ tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, gba obìnrin 20,060 wọlé ní ilé ìwòsàn 193 ní orílẹ̀-èdè 21. Lọ́dún 2017 tí èsì jáde, ìsun ẹ̀jẹ̀ pa 155 láàárín àwọn tó gba oògùn, ó pa 191 láàárín àwọn tí kò gbà á, ẹgbẹ́ méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ bákan náà. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan lójú dókítà kan nínú wọ́ọ̀dù kan. Kò lè rí i láéláé. Àmọ́ ẹ̀mí ni.

Ó ku fọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé wá. Láti ọdún 1932 títí di 1972, ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣọ́ nǹkan bí 400 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ní syphilis, àrùn ìbálòpọ̀ kan, ní Alabama, wọn ò sọ òótọ́ àìsàn náà fún wọn, wọn ò sì fún wọn ní pẹnisílínì nígbà tó ti di oògùn tí gbogbo èèyàn ń lò fún un. Kódà nínú ìwádìí streptomycin ọjọ́sí, àwọn tó wà lápá tí kò gba oògùn kò mọ̀ pé inú ìwádìí làwọn wà. Láti dènà irú nǹkan báyìí ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé ṣe gbé ìlànà Helsinki kalẹ̀ lọ́dún 1964, tí wọ́n sì ti tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Lónìí, ìgbìmọ̀ kan gbọ́dọ̀ ka ìwé ìwádìí náà kó sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó bá aláìsàn kankan sọ̀rọ̀. Fún ọmọdé, òbí ló ń fọwọ́ sí i, àmọ́ ọmọ tó bá ti gbọ́njú, wọ́n gbọ́dọ̀ bi òun náà.

Nítorí náà, tí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù wá, ẹ bi wọ́n: kí lẹ̀ ń wá? Kí ni ẹ máa ṣe sí mi lára tí ẹ ò bá ti ṣe ká ní mi ò sí nínú ìwádìí? Ta ló máa rí fáìlì mi? Bí n kò bá fẹ́ ńkọ́? Ìdáhùn ìbéèrè ìkẹyìn yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ìtọ́jú yín á máa lọ bó ṣe ń lọ, pé ẹ sì lè jáwọ́ nígbàkígbà láìsọ ìdí. Ẹ gba ẹ̀dà kan fọ́ọ̀mù náà mọ́wọ́. Nọ́ńbà fóònù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ti ìgbìmọ̀ náà wà níbẹ̀, kì í ṣe ti dókítà tó ń ṣe ìwádìí nìkan, ẹ sì lè pè é bí ohunkóhun bá ń kọ yín lóminú.