Ṣé a lè yọ owó epo kúrò nínú owó orí? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ àdáni ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ni òfin owó orí tuntun ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ló buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025. Èdè wa ni wọ́n fi ń ṣàlàyé rẹ̀ lórí rédíò lódìkejì bodè, fídíò rẹ̀ sì ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa níbí ní Bẹ̀nẹ̀. Ó wá bọ́ sí àsìkò tí àwọn ọ̀gá kan ń sọ fún oníṣẹ́ wọn pé kí wọ́n fi owó oṣù sílẹ̀, kí wọ́n di prestataire, ìyẹn oníṣẹ́ àdáni tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ fún, kí wọ́n máa fi ọkọ̀ tàbí alùpùpù tiwọn ṣiṣẹ́. Ẹni tó gbọ́ nínú fídíò pé èèyàn lè yọ owó epo kúrò kó tó san owó orí lè torí ìyẹn fọwọ́ sí ìwé tó máa pa á lára. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá nìyí.

Ṣé òfin tuntun ti Nàìjíríà kàn wá?

Kò kàn wá. Ẹni tó ń gbé ní Bẹ̀nẹ̀, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, òfin owó orí Bẹ̀nẹ̀ ló dè é, ìbáà jẹ́ Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà ni wọ́n ti bí i.

Wọ́n ní 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí. Ṣé a ní irú rẹ̀ níbí?

Ẹni tó ń gba owó oṣù ní ohun tó jọ ọ́. ITS, owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù, kì í kan 60,000 fáráńkì àkọ́kọ́ nínú oṣù. Láti ibẹ̀ dé 150,000, wọ́n á mú 10 nínú 100. Bí owó bá ṣe ń ga ni ìwọ̀n náà ń ga, títí dé 30 nínú 100 lórí ohun tó bá kọjá 500,000. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá di oníṣẹ́ àdáni, ẹ ti kúrò nínú ITS nìyẹn, 60,000 náà kò sì ní bá yín jáde.

Kí wá ni oníṣẹ́ àdáni ń san?

Ọ̀pọ̀ jù lọ á bọ́ sínú TPS, Taxe Professionnelle Synthétique. Oníṣẹ́ kékeré tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju mílíọ̀nù 50 fáráńkì lọ ni wọ́n ṣe é fún. 5 nínú 100 ni, kò sì lè dín ní 10,000 fáráńkì lọ́dún, bó ti wù kí iṣẹ́ dá tó. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kì í fi TVA, owó orí ọjà àti iṣẹ́ tó jẹ́ 18 nínú 100, lé owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ gbígbé èrò tàbí ẹrù, kí ó lọ bèèrè ìlànà ti awakọ̀ ní ọ́fíìsì owó orí. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ débi iṣẹ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níbí: oníná, ẹni tó ń to sólà, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe.

Ṣé mo lè yọ owó epo, táyà àti mẹkáníìkì kúrò kí n tó san TPS?

Ẹ kò lè yọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ lórí ìdáhùn yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kó sí gbèsè.

Ìjọba lè wo èrè oníṣẹ́, ìyẹn ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tó ti náwó tán. Ó sì lè wo gbogbo owó tó wọlé, láì bèèrè ohun tí ẹ ná kó tó wọlé. Gbogbo owó tó wọlé ni TPS ń wò. Ẹ jẹ́ ká mú oníná méjì. Àyíká Ouando ní Àjàṣẹ́ ni èkíní ń gbé, ibẹ̀ náà ló ti ń ríṣẹ́, ẹsẹ̀ ló fi ń lọ sílé oníbàárà. Èkejì ń gba Sakété àti Pọ̀bẹ́ lọ sí Kétu lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ sì ti ń jẹ táyà. Bí mílíọ̀nù 3 bá wọlé fún àwọn méjèèjì lọ́dún, 150,000 ni èkíní máa san, 150,000 náà ni èkejì máa san. Bí èkejì bá ti ná mílíọ̀nù kan ààbọ̀ sórí ọkọ̀, owó orí yẹn ti di 10 nínú 100 ohun tó kù sí i lọ́wọ́.

Kì í ṣe pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Wọ́n dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, wọ́n sì dín ìwé kíkọ kù, kí oníṣẹ́ kékeré má baà nílò akáúńtáǹtì. Ìnáwó ọkọ̀ ni kò sí nínú ìṣirò náà. Inú iye tí ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín ló gbọ́dọ̀ wà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Kí ló dé tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń kọ máìlì ọkọ̀ wọn sílẹ̀?

Torí èrè ni wọ́n ń san owó orí lé lórí níbẹ̀. Lọ́dún 2025, ọ́fíìsì owó orí wọn gbà kí ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣòwò yọ 70 sẹ́ǹtì fún máìlì kọ̀ọ̀kan. Nàìjíríà náà, èrè ni wọ́n ń wò. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò kò purọ́ fún àwọn ará ìlú wọn.

Tí owó tó ń wọlé fún mi bá kọjá mílíọ̀nù 50 ńkọ́?

Ẹ máa bọ́ sínú régime réel. Níbẹ̀, èrè ni wọ́n ń wò, 30 nínú 100 sì ni owó orí rẹ̀. Ìnáwó ọkọ̀ á wá wúlò, bí ó bá jẹ́ ti iṣẹ́ lóòótọ́, tí facture rẹ̀, ìyẹn ìwé owó tí ẹni tó tajà fún yín kọ, wà, tí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò. Owó tí ẹ fi ra ọkọ̀ kò ṣe é yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa pín in sórí ọdún tí ọkọ̀ máa fi ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé lówùúrọ̀ tó tún ń gbé irinṣẹ́ lọ́sàn-án, apá ti iṣẹ́ nìkan ni ẹ lè kà. Ẹ gba akáúńtáǹtì nígbà náà.

Epo kpayo, èyí tó ń ti Nàìjíríà wọlé, ni mò ń rà létí títì, kò sí ìwé kankan. Ṣé ó burú?

Fún ẹni tó wà ní régime réel, owó tí kò ní facture dà bí owó tí kò ná. Fún ẹni tó wà ní TPS, kò yí owó orí rẹ̀ padà. Síbẹ̀, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, ibi tí ẹ lọ, iye lítà, iye owó. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ọkọ̀ ń jẹ lóṣù, ẹ kò lè mọ iye tó yẹ kí ẹ bèèrè. Ẹ rántí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí iye kpayo fò sókè níbí lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ti fọwọ́ sí iye kan ṣoṣo fún ọdún kan, àpò rẹ̀ ló ti mú ìyàtọ̀ náà jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí epo bá gbówó lórí kọjá ìwọ̀n kan, owó iṣẹ́ náà á yí padà.

150,000 ni owó oṣù mi. Ilé-iṣẹ́ fẹ́ máa fún mi ní 250,000 bí mo bá lo ọkọ̀ mi. Ṣé kí n gbà?

Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó yọ̀. Lórí 150,000, ITS jẹ́ 9,000, owó CNSS, àjọ tó ń bójú tó ìfẹ̀yìntì àti ìrànwọ́ òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń yọ lára yín, 3.6 nínú 100, jẹ́ 5,400. Ẹ ń mú 135,600 lọ sílé, ilé-iṣẹ́ ló sì ń ra epo.

Ẹ wá wo 250,000. TPS á mú 12,500. Ká ní epo jẹ 60,000, ọ́ìlì àti àtúnṣe 25,000, ìpín oṣù kan nínú adójútòfò, àyẹ̀wò ọkọ̀ àti owó orí ọkọ̀ 10,000, kí ẹ sì fi 30,000 pamọ́ torí ọjọ́ tí ọkọ̀ náà máa kú. Ohun tó kù jẹ́ 112,500. Ẹ ti pàdánù 23,100 lóṣù, ẹ sì rò pé wọ́n fi 100,000 kún owó yín. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò tèmi. Ìṣirò yẹn ni kí ẹ mú lọ síwájú ọ̀gá. 30,000 tó gbẹ̀yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé.

CNSS mi ńkọ́?

Ilé-iṣẹ́ kò ní san án fún yín mọ́. Nígbà tí ẹ wà lábẹ́ owó oṣù, ilé-iṣẹ́ ń fi 6.4 nínú 100 sí owó ìfẹ̀yìntì yín, 9 sí ti ẹbí, àti láti 1 dé 4 sí ti ìjàm̀bá ibi iṣẹ́. Prestataire kò ní ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó bá já bọ́ láti orí òrùlé níbi tó ti ń to sólà, òun ló máa san owó ilé ìwòsàn. Kí ẹ tó kúrò, ẹ gba ìwé gbogbo oṣù tí wọ́n ti san fún yín, kí ẹ sì bèèrè ní CNSS bí ẹ ṣe lè máa san án fúnra yín.

Ṣé adójútòfò tí mo ní lórí ọkọ̀ tó?

Ẹ lọ sọ fún wọn pé ìlò ọkọ̀ ti yí padà. Òfin CIMA tó de adójútòfò ní orílẹ̀-èdè wa gbà kí wọ́n dín owó tí wọ́n máa san kù bí ohun tí ẹ sọ kò bá bá ìlò ọkọ̀ mu. Bí wọ́n bá rí i pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ ni, wọ́n lè sọ àdéhùn náà di asán.

Ọ̀gá mi ní aago méje kí n dé, òun ló ń yan ibi tí mo máa lọ, n kò sì lè ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ṣé prestataire ni mí lóòótọ́?

Ó ṣòro kí ẹ jẹ́ ẹ. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ni adájọ́ ń wò, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sórí ìwé. Ẹni tó wà lábẹ́ àṣẹ ọ̀gá nínú gbogbo ohun tó ń ṣe, òṣìṣẹ́ olówó oṣù ni lójú òfin. Ẹ mú àdéhùn náà àti àwọn àṣẹ tó ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín lọ sí inspection du travail, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá. Ẹ má pa wọ́n rẹ́.

Níbo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ lórí monentreprise.bj. Òfin OHADA ọdún 2010, òfin òwò tí orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó kan jọ ń lò, ti ṣí ọ̀nà tó rọrùn tí wọ́n ń pè ní entreprenant fún oníṣẹ́ kékeré. Ẹ rí i pé ẹ ní IFU, nọ́ńbà owó orí oní dígíìtì 13, torí ilé-iṣẹ́ á yọ púpọ̀ sí i lára owó ẹni tí kò ní in. Wọ́n á sì bèèrè facture normalisée, ìyẹn facture tó bá ìlànà ọ́fíìsì owó orí mu. Orí e-MECeF, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ́fíìsì owó orí ṣe fún un, lẹ ti lè ṣe é.

Mo ti fọwọ́ sí i, n kò sì ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ wo ọjọ́ tí àdéhùn náà máa parí, àti iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ yí i padà. Ẹ kọ ìnáwó ọkọ̀ oṣù méjì sílẹ̀ láì fo ọjọ́ kan, kí ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ so ìwé ìnáwó yẹn mọ́ ọn, kí ẹ sì bèèrè pé kí owó ìrìn dá dúró lọ́tọ̀ sí owó iṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ bèèrè ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ fún ìrìn tó bá kọjá ìlú yín. Owó tí ẹ máa fi san TPS, ẹ máa yọ ọ́ sọ́tọ̀ lóṣooṣù láti ìsinsìnyí, kí ẹ má fi ra epo.