Wíwá àléébù lára ẹsẹ̀ GPIO Raspberry Pi

Ẹsẹ̀ GPIO ni àwọn irin tín-ín-rín tó tò sí etí kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi, tí a fi ń so sensọ̀, bọ́tìnnì, iná LED àti relay (swítì tí iná kékeré fi ń tan ẹ̀rọ ńlá) mọ́ ọn. Láti orí Model B+ tó jáde ní 2014 ni irin náà ti di 40. Irin 1 àti 17 ń gbé 3.3V, 2 àti 4 ń gbé 5V. Ground, ìyẹn ojú òdo tí iná ń gbà padà, ni 6, 9, 14, 20, 25, 30, 34 àti 39. Ẹsẹ̀ GPIO kò gbọdọ̀ gba ju 3.3V lọ. Bí 5V bá kàn án, ó lè jó, ó sì lè ba odindi bọ́ọ̀dù jẹ́.

Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí wọ́n ní ó ti kú ni kò kú rárá. Nọ́ńbà ni wọ́n ṣì mú: irin 11 ni GPIO17 wà, nígbà tí irin 17 fúnra rẹ̀ jẹ́ 3.3V. Àṣẹ pinout máa ń fi ààyè kọ̀ọ̀kan hàn lójú tẹ́mínà. Ohun kejì ni ground. Sensọ̀ tó bá ń lo bátìrì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bá bọ́ọ̀dù pín ground kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí yóò máa kà kò ní lórí kò ní ìdí.

Láti dán ẹsẹ̀ méjì wò, a ó pa bọ́ọ̀dù, a ó tú gbogbo wáyà kúrò, a ó sì fi rẹsísítọ̀ 1,000 ohm so irin 11 mọ́ irin 13, tí í ṣe GPIO27. Rẹsísítọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí iná ju nǹkan bíi 3.3mA lọ, bí èèyàn bá tilẹ̀ ṣàṣìṣe. Lẹ́yìn tí a bá tan án, a ó tẹ àṣẹ pinctrl set 27 ip pd sí tẹ́mínà (kí GPIO27 máa kà, kí ó sì wà ní òdo bí nǹkan kan kò bá kàn án), lẹ́yìn náà pinctrl set 17 op dh (kí GPIO17 máa tú 3.3V jáde). Ó yẹ kí pinctrl get 27 fi hi hàn, ìyẹn ni pé iná dé ibẹ̀. Bí a bá fi dl (tú òdo jáde) rọ́pò dh, kí ó di lo, ìyẹn òdo. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ara ẹsẹ̀ méjèèjì dá. Bí kò bá yí sí hi, kí a gbé mítà. Bí irin 11 kò bá gbé nǹkan bíi 3.3V nígbà dh, ọ̀dọ̀ GPIO17 ni kí a wò. Bí irin 11 àti 13 bá jọ gbé e, tí ó ṣì ń kọ lo, GPIO27 ló jó. Bí irin 13 nìkan bá wà ní òdo, wáyà ni kí a kọ́kọ́ fura sí.

GPIO2 àti GPIO3 ní rẹsísítọ̀ 1,800 ohm tó fà wọ́n sókè lórí bọ́ọ̀dù, nítorí náà hi tí wọ́n ń kà láìso nǹkan kan kì í ṣe àléébù. Ní ti bọ́tìnnì tàbí swítì táǹkì tí wáyà rẹ̀ gùn, 10,000 ohm láàárín ẹsẹ̀ àti 3.3V kì í jẹ́ kó máa gbọ̀n.

Lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́sìn ẹja ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, relay pọ́ǹpù ló sábà máa ń dà á rú. Ẹsẹ̀ kan kò gbọdọ̀ gbé ju 16mA lọ, relay 5V sì ń fẹ́ nǹkan bíi 70mA, ìyẹn ni a fi ń lo bọ́ọ̀dù relay. Bí èyí kò bá ṣíwọ́ bó ti yẹ, 3.3V ni kò ga tó láti pa á: kí a yọ jumper (irin kékeré tó so JD-VCC mọ́ VCC lórí bọ́ọ̀dù relay), kí a fún JD-VCC ní 5V, kí a sì fún VCC ní 3.3V. Ẹsẹ̀ Echo lára HC-SR04, sensọ̀ tó ń fi ìró wọn jíjìnnà, ń tú 5V jáde. Rẹsísítọ̀ 1,000 àti 2,000 ohm la fi ń pín in kù sí nǹkan bíi 3.3V.

Ní Àgbádárìgì, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ láti òkun ń mú irin dípẹtà, tí wáyà á fi máa já tó sì máa mú. Ọtí isopropyl àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló ń nù ún. Bí iná ṣájà kò bá tó, àṣẹ vcgencmd get_throttled kò ní fi 0x0 hàn, èyí tó túmọ̀ sí pé kò sí wàhálà. Lórí Raspberry Pi 5, RPi.GPIO, àkójọ kóòdù Python tí wọ́n fi ń darí ẹsẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ nítorí ṣípù RP1 tó ń darí àwọn ẹsẹ̀ náà. Àkójọ Gpiozero pẹ̀lú lgpio ni kí a lò dípò rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá jó kò ní àtúnṣe: ẹsẹ̀ mìíràn ni a ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ, a ó sì yí nọ́ńbà rẹ̀ nínú kóòdù.