Àdúrà kì í pa òùngbẹ ọtí lójú ẹsẹ̀: iṣẹ́ tí nǹkan tẹ̀mí ń ṣe lára ẹni tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bárakú

Tí wọ́n bá ti dárúkọ Ọlọ́run mọ́ ọ̀rọ̀ bárakú, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé onítọ̀hún á kúnlẹ̀, á sunkún, á gbàdúrà, ìfẹ́ ọtí tàbí oògùn olóró á sì kúrò lára ẹ̀ pátápátá lọ́jọ́ yẹn, ó tán nìyẹn. Nínú gbogbo àṣìṣe tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló ń bí èèyàn nínú jù, torí kì í ṣe pé kò rí bẹ́ẹ̀ nìkan, ó máa ń pa èèyàn, a máa tó débẹ̀. Ti bí bárakú ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fò ó, kò sẹ́ni tí ò tíì gbọ́ pé ọtí àti oògùn máa ń yí ọpọlọ padà débi pé onítọ̀hún á mọ̀ pé nǹkan yìí ń ba ayé òun jẹ́, ọwọ́ ẹ̀ á ṣì máa nà sí i. Ibi tó yẹ ká wò ni pé, tí nǹkan tẹ̀mí bá wọ ọ̀rọ̀ náà, iṣẹ́ wo ló ń ṣe gan-an?

Ẹ wo Dókítà Bob Smith ná. Òun àti Bill Wilson ló dá Alcoholics Anonymous sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí AA, nílùú Akron, ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, lọ́dún 1935. Dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ni. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún yẹn ni wọ́n sọ pé ó mutí kẹ́yìn, ọjọ́ yẹn náà sì ni AA ń ṣe ọjọ́ ìbí ẹ̀ títí dòní. Bàbá yìí ń gbàdúrà, ó ń ka Bíbélì, kì í fi ṣeré rárá, síbẹ̀ òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé fún ọdún méjì ààbọ̀ lẹ́yìn tóun jáwọ́, òùngbẹ ọtí ò fi bẹ́ẹ̀ dín kù lára òun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìgbà gbogbo ló wà níbẹ̀. Ọdún méjì ààbọ̀! Kò sì mu. Kò mu títí tó fi kú ní 1950. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ àdúrà ni láti mú òùngbẹ yẹn kúrò, a jẹ́ pé àdúrà ò ṣiṣẹ́ fún ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ míì ló ń ṣe.

Èrò pé ó ń kúrò lójú ẹsẹ̀ yìí, ìtàn Bill Wilson wà lára ohun tó gbé e kiri. Oṣù Kejìlá 1934, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Towns Hospital ní New York, wọ́n ń fọ ọtí kúrò lára ẹ̀, gbogbo nǹkan ti sú u, ló bá ké jáde pé tí Ọlọ́run bá wà kó fara hàn òun. Ó ní ìmọ́lẹ̀ kún yàrá náà, pé ṣe ló dà bíi pé òun wà lórí òkè tí atẹ́gùn ń fẹ́, ọkàn òun sì balẹ̀. Kò mutí mọ́ títí tó fi kú ní 1971. Belladonna wà lára oògùn tí wọ́n ń lò fún àwọn aláìsàn níbẹ̀ nígbà yẹn, ó sì lè mú kéèyàn máa rí ohun tí ò sí, àwọn kan ṣì ń torí ẹ̀ jiyàn lórí ìmọ́lẹ̀ yẹn, wọn ì bá fi sílẹ̀ jàre, kò yí nǹkan tá à ń sọ padà. Ìtàn tó dùn ni, ìtàn tó dùn sì máa ń rìn jìnnà. Nígbà tí AA tẹ ìwé wọn ní 1939, ọ̀pọ̀ àwọn tó kà á rò pé àfi kí nǹkan ńlá kan ṣẹlẹ̀ sáwọn náà lójijì. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní 1941, wọ́n fi àfikún kan sẹ́yìn ẹ̀ láti tún èrò yẹn ṣe: pé ti ọ̀pọ̀ jù lọ kì í ṣe ti òjijì, díẹ̀díẹ̀ ni, ó ń gba oṣù mélòó kan, àwọn ọ̀rẹ́ onítọ̀hún ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ rí i pé ó ti ń yàtọ̀ kóun fúnra ẹ̀ tó mọ̀. Kékeré ni àfikún náà, ì bá dáa kó jẹ́ òun ni wọ́n fi síwájú ìwé.

Ohun tí Wilson ṣe lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kéèyàn fọkàn sí. Ó ń wá àwọn ọ̀mùtí kiri fún oṣù mélòó kan, ó ń wàásù ìmọ́lẹ̀ fún wọn, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó jáwọ́. Dókítà William Silkworth tó tọ́jú ẹ̀ ló ní kó dín ìwàásù yẹn kù, kó máa sọ fún wọn bí àìsàn yìí ṣe ń pa èèyàn. Nígbà tó di oṣù karùn-ún 1935, òwò kan gbé e dé Akron, òwò náà bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó wá ku òun nìkan ní òtẹ́ẹ̀lì, owó ò sí lápò, ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí wà lápá kan, tẹlifóònù àti orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wà lápá kejì. Ìmọ́lẹ̀ tó rí ò tíì pé oṣù mẹ́fà, òùngbẹ ti dé. Ìdí fóònù ló lọ, ó ń pe àwọn àlùfáà ìlú. Ẹ gbọ́ ohun tó ní kí wọ́n ṣe fún òun o: kì í ṣe pé kí ẹnì kan wá gbàdúrà lé òun lórí, ó ní kí wọ́n bá òun wá ọ̀mùtí kan tóun lè bá sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un dé ọ̀dọ̀ Dókítà Bob, tó ní ìṣẹ́jú 15 péré lòun máa fún un, wọ́n sì jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìmọ́lẹ̀ ọsibítù wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohun tó gbà á lọ́wọ́ ọtí lọ́jọ́ yẹn ni pé ó yíjú kúrò lára ara ẹ̀ sí ẹlòmíì.

Nǹkan yẹn náà ni wọ́n wá kọ sínú ìgbésẹ̀ méjìlá wọn, ìyẹn ohun méjìlá tí AA ní kí ẹni tó fẹ́ jáwọ́ ṣe ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Téèyàn bá fara balẹ̀ kà wọ́n, á rí i pé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ló dárúkọ ọtí. Ìkejìlá dárúkọ àwọn ọ̀mùtí, torí ó ní kéèyàn lọ gbé ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ wọn, àmọ́ gbogbo èyí tó wà láàárín, kò sí ọtí níbẹ̀ rárá, ìwà ni wọ́n ń sọ, ẹ̀rù, ìbínú, ẹni téèyàn ti ṣẹ̀, bó ṣe máa lọ tún un ṣe. Ẹni tó ṣètò ẹ̀ báyìí mọ̀ pé ọtí gan-an kọ́ ni gbogbo ẹjọ́, pé tó bá kúrò ńlẹ̀ ohun tí wọ́n ń fi bò mọ́lẹ̀ á yọjú, ìyẹn ló sì máa gbé onítọ̀hún padà sídìí ìgò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ló wúni lórí jù. Ìkẹrin ti ní kí onítọ̀hún jókòó kọ gbogbo ìwà ẹ̀ sílẹ̀, láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ìkarùn-ún wá ní kó jẹ́wọ́ ẹ̀ fún Ọlọ́run, fún ara ẹ̀, àti fún èèyàn kan. Kí ló dé tí wọ́n fi èèyàn kún un, ṣebí Ọlọ́run ti gbọ́? Ibẹ̀ lọgbọ́n ẹ̀ wà. Téèyàn bá ń jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run nínú yàrá, kò sí ojú kankan níwájú ẹ̀, ó lè bi ara ẹ̀, kó dá ara ẹ̀ lóhùn, kó sì dárí ji ara ẹ̀ lórúkọ Ọlọ́run kílẹ̀ tó mọ́, kí gbogbo ẹ̀ ṣì jẹ́ àṣírí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jókòó síwájú ẹlẹ́ran ara bíi tiẹ̀, tó ní "owó ilé ìwé ọmọ mi ni mo fi mutí", ojú ẹni yẹn ló ń wò, ó ń retí kó yí padà. Ojú náà ò yí. Ẹni yẹn á kàn mirí, á ní "èmi náà ṣe é rí".

Ẹni tó ru ẹrù tó wúwo, kò lè dá a sọ̀. Ó lè máa rìn lọ kó máa làágùn, ọrùn ẹ̀ ò ṣeé yí, kò lè gbójú sókè wo ohun tó rù, tó bá sì fìbínú jù ú sílẹ̀ ohun tó wà nínú ẹ̀ á fọ́, á sì tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣa àfọ́kù. Àfi kí ẹnì kan bá a sọ̀ ọ́. Ẹni tó máa bá a sọ̀ ọ́ yẹn ní láti sún mọ́ ọn, kó gbọ́ òórùn òógùn ẹ̀, kó mọ ibi tí wọ́n ń di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ mú, ìdí nìyẹn tó fi dáa kó jẹ́ ẹni tó ti ru irú ẹ̀ rí. Ẹni tí ò ru nǹkan kan rí ló máa dúró lókèèrè, á máa pariwo pé sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ṣá, kí lo ń gbé e kiri fún. Ìtìjú lẹrù yẹn. Èèyàn á mutí torí kó lè gbàgbé ìtìjú, ohun tó bá ṣe nígbà tó mutí á di ìtìjú tuntun, ó tún di ìgò míì nìyẹn. Ìgbà tí ẹnì kan bá gbọ́ gbogbo ẹ̀ tí kò sá lọ ni okùn yẹn máa ń já. Béèyàn bá pe ìyẹn ní iṣẹ́ Ẹ̀mí, kò ṣì í pè, béèyàn bá sì pè é ní iṣẹ́ èèyàn sí èèyàn, kò ṣì í pè náà.

Àwọn tí ò gbà pé Ọlọ́run wà náà wà nínú ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, Jim Burwell wà lára wọn, àríyànjiyàn wọn ló jẹ́ kí wọ́n kọ "Ọlọ́run bó ṣe yé wa" sínú àwọn ìgbésẹ̀ náà, gbólóhùn kékeré tó ṣílẹ̀kùn fún àìmọye èèyàn. Síbẹ̀ kò tẹ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí wọ́n fi dandan mú ẹnikẹ́ni, kódà ní 1996 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn àpapọ̀ kan ní Amẹ́ríkà dá a lẹ́jọ́ pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ò lè fipá mú ẹlẹ́wọ̀n lọ sírú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Jean Kirkpatrick ní tiẹ̀ dá Women for Sobriety sílẹ̀ ní 1975, ó gbà pé obìnrin tí ayé ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe pé kó tún máa sọ pé òun ò lágbára, bí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ AA ṣe ní kéèyàn sọ, ló máa ràn án lọ́wọ́. Òótọ́ gidi wà nínú ìyẹn. Alan Marlatt, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní University of Washington, sì lo àṣàrò láti kọ́ àwọn èèyàn pé nígbà tí òùngbẹ bá dé, kí wọ́n má bá a jà, kí wọ́n má sì jẹ́ ẹ lóhùn, kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n wo ibi tó wà nínú ara, torí á ga, á dé góńgó, á sì rọlẹ̀ fúnra ẹ̀. Kò jìnnà rárá sí ohun tí Dókítà Bob fi ọdún méjì ààbọ̀ ṣe.

Àwọn tó ń ṣèwádìí pàápàá ti wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2020, Cochrane, àjọ tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kó ìwádìí 27 jọ, èèyàn 10,565 ló wà nínú wọn, wọ́n rí i pé ètò ìtọ́jú tó ń darí èèyàn wọ AA lọ́nà tó létò ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti má mutí rárá ju àwọn ìtọ́jú míì táwọn dókítà mọ̀ dáadáa lọ. John Kelly tó ṣáájú iṣẹ́ náà ti wádìí ohun tó fà á tẹ́lẹ̀, ó lo àkọsílẹ̀ èèyàn 1,726 tó wà nínú Project MATCH, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe lórí ìtọ́jú àwọn ọ̀mùtí ní Amẹ́ríkà. Ó rí i pé nǹkan tẹ̀mí ń pọ̀ sí i lára àwọn tó ń lọ sípàdé, ó sì ní ipa tiẹ̀, pàápàá lára àwọn tí ọtí ti bà jẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni pé àwọn tí wọ́n ń bá rìn yí padà, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ọtí dín kù, àwọn tí kì í mu pọ̀ sí i.

Wàyí o, ibi tí èrò àkọ́kọ́ yẹn ti ń pa èèyàn. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé òun ti gba ìdáǹdè, tí òùngbẹ bá tún dé, kò ní lè sọ fẹ́nì kankan, torí wọ́n á ní ìgbàgbọ́ ẹ̀ ò tó. Á dá a gbé. Tó bá wá ṣèèṣì mu ẹyọ kan, á ní Ọlọ́run ti kọ òun sílẹ̀, kí ló tún kù, á bá mu gbogbo ìgò tán. Marlatt ti ṣàkọsílẹ̀ èyí dáadáa, ohun téèyàn bá rò nípa ìṣubú ẹ̀ ló máa ń sọ bóyá á dìde kíákíá àbí á bá a lọ. Tó bá wá jẹ́ heroin tàbí irú ẹ̀, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ara tó ti sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ò lè gba ìwọ̀n tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́, tó bá lo iye tó máa ń lò, èémí lè dá. Ẹni tó ti ń mutí gan-an tipẹ́ náà, tí wọ́n bá kàn tì í mọ́lé pé kó gbààwẹ̀ kó gbàdúrà láìsí dókítà, gìrì lè mú un, ọkàn ẹ̀ lè dàrú, ó sì lè kú.

Torí náà èèyàn ò lóye àwọn tó ń sọ fún aláìsàn pé kó da methadone tàbí buprenorphine, oògùn táwọn dókítà fi ń tọ́jú àwọn tí heroin ti di bárakú fún, nù kó lè fi hàn pé Ọlọ́run lòun gbẹ́kẹ̀ lé. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Wilson wà nígbà tó rí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀. Vincent Dole, ọ̀kan lára àwọn dókítà tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú methadone ní New York ní àwọn ọdún 1960, wà lára àwọn alábòójútó AA, òun ló sì sọ pé Wilson bẹ òun nígbẹ̀yìn ayé ẹ̀ pé kóun wá oògùn kan tó máa ṣe fún ọ̀mùtí ohun tí methadone ń ṣe fún àwọn oní-heroin.

Ẹni tó bá ń wá ibi ìtọ́jú tó ń lo nǹkan tẹ̀mí, fún ara ẹ̀ tàbí fún ẹbí ẹ̀, kó má wulẹ̀ bi wọ́n bí àdúrà wọn ṣe gbóná tó. Kó béèrè bóyá dókítà wà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bóyá wọ́n á jẹ́ kó lo oògùn tí wọ́n kọ fún un, bóyá wọ́n máa fún un lẹ́nì kan tó ti gba ọ̀nà yẹn kọjá tó lè pè láàárín òru, àti ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá wá sọ fún wọn pé òun tún ti mu.