Àlọ kì í ṣe àbọ̀ lójú ráútà

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan wà ní Ìkòròdú, tó ní ẹ̀ka sí Ẹ̀pẹ́. Ibi méjèèjì ní ráútà (ẹ̀rọ tó ń darí ìsọfúnni láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí òmíràn) àti íntánẹ́ẹ̀tì tiwọn, rédíò orí òpó ló so ráútà méjèèjì pọ̀. Kọ̀ǹpútà Ìkòròdú wà lórí 192.168.10.0/24 (ìyẹn àwọn àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.10), ti Ẹ̀pẹ́ wà lórí 192.168.20.0/24. Lórí rédíò yẹn, 10.0.0.1 ni Ìkòròdú, 10.0.0.2 ni Ẹ̀pẹ́. Tó bá jẹ́ ráútà Cisco ni, ìlà méjì ni wọ́n máa kọ ní Ìkòròdú:

ip route 0.0.0.0 0.0.0.0 203.0.113.1
ip route 192.168.20.0 255.255.255.0 10.0.0.2

Èyí òkè ni default route, ọ̀nà ibi gbogbo tí kò ní ìlà tirẹ̀, tó gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ láti ọwọ́ 203.0.113.1. Èyí ìsàlẹ̀ ni static route Ẹ̀pẹ́, ọ̀nà tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú ráútà. Èwo ló ṣáájú kò ṣe nǹkan kan, torí ráútà kì í ka ìlà látòkè wá sísàlẹ̀. Èyí tó bá ṣe pàtó jù ló ń tẹ̀ lé. Bí àlejò ṣe ń bèèrè ọ̀nà ní gáréèjì Ìkòròdú náà nìyẹn: ẹni tó mọ àdúgbò náà gan-an ló máa gbọ́ tirẹ̀. Ẹni tó kàn ní “wọkọ̀ Mile 12, tó o bá débẹ̀ kó o tún bèèrè”, ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò bá mọ ibẹ̀ ni tiẹ̀ ń wúlò.

Ohun tó ń dunni ni pé ọ̀pọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gbà pé bí Ìkòròdú bá ti mọ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ó parí. Wọ́n á jókòó sórí ráútà Ìkòròdú, wọ́n á ping 192.168.20.1, àdírẹ́sì ráútà Ẹ̀pẹ́ (ìyẹn ni pé wọ́n á pè é wò bóyá á dáhùn), ó dáhùn. Àmọ́ kọ̀ǹpútà akáúńtáǹtì, 192.168.10.5, kò rí Ẹ̀pẹ́ rárá. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ wáyà, wọ́n ń pa firewall, ẹ̀ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Wáyà kò ṣẹ̀. Ping tó jáde láti inú ráútà fúnra rẹ̀, àdírẹ́sì 10.0.0.1 ló gbé lọ́wọ́. Ẹ̀pẹ́ sì mọ 10.0.0.1 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí orí rédíò kan náà làwọn méjèèjì wà. Pákẹ́ẹ̀tì akáúńtáǹtì náà, ìyẹn ẹrù ìsọfúnni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi ránṣẹ́, dé Ẹ̀pẹ́ láyọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ló ṣòro: ráútà Ẹ̀pẹ́ wá 192.168.10.5 títí, kò rí ìlà kankan tó dárúkọ rẹ̀ ju default route tirẹ̀ lọ, ló bá tì í sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í sì gbé irú àdírẹ́sì abẹ́lé bẹ́ẹ̀ kiri níta. Ibẹ̀ ló kú sí.

Ráútà kì í rántí ọ̀nà tí pákẹ́ẹ̀tì gbà wá. Ibi tó ń lọ nìkan ló ń wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń dé. Ọgbọ́n ńlá ló wà nínú ìgbàgbé yẹn: kò ní láti tọ́jú àkọsílẹ̀ ìjíròrò ẹnikẹ́ni, ìdáhùn sì lè gba ọ̀nà míì padà tí ohun gbogbo á ṣì lọ déédéé. Ṣùgbọ́n dandan ni kí a sọ fún Ẹ̀pẹ́ náà:

ip route 192.168.10.0 255.255.255.0 10.0.0.1

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá dán an wò láti Ìkòròdú, pẹ̀lú àdírẹ́sì tí ráútà ń lò nínú ọ́fíìsì, 192.168.10.1, lọ́wọ́:

ping 192.168.20.1 source 192.168.10.1

Tí èyí bá dáhùn, àbọ̀ ti là.

Àbùkù kan ṣì kù lára static route: kò lójú. Bí rédíò bá kú lókè òpó, tí wáyà tó ti ara ráútà lọ síbẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ráútà á máa da pákẹ́ẹ̀tì sínú òfo lọ ni. Ọ̀nà kejì tí wọ́n fi nọ́mbà 200 sí nídìí pé kó dúró dè é kò ní yọjú, nítorí ọ̀nà tí nọ́mbà rẹ̀ kéré jù ni ráútà ń yàn, nọ́mbà 1 ni ti àkọ́kọ́, ó sì ṣì wà níbẹ̀. Àfi kí wọ́n ní kí ráútà máa pe òdìkejì wò fúnra rẹ̀: lórí ráútà MikroTik, check-gateway=ping ni; lórí Cisco, ip sla pẹ̀lú track.