Ṣé inú omi ni cranberry ti ń hù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Worcester ní Massachusetts ni mo ń gbé, mo sì ní àyè díẹ̀ lẹ́yìn ilé. Gbogbo àwòrán oko cranberry, èso kékeré tó kan yẹn, tí mo ń rí, omi tó tẹ́ rẹrẹ ni, èso pupa á léfòó sí i, àwọn òṣìṣẹ́ á wọ̀ ọ́ dé ìbàdí. Ṣé mo ní láti gbẹ́ adágún ni?

Ìdáhùn: Ẹ má wulẹ̀ gbẹ́ adágún kankan. Àwòrán ìkórè lẹ rí. Orí ilẹ̀ ni cranberry ń hù, ìtàkùn kékeré tó ń rá mọ́lẹ̀ ni. Ó fẹ́ ilẹ̀ tútù, àmọ́ tí omi bá dá rogún sí ìdí rẹ̀ lásìkò tó ń dàgbà, gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà. Ìgbà tí èso bá pọ́n ni àgbẹ̀ ń darí omi sínú oko, á fi ẹ̀rọ gbo ìtàkùn kí èso lè já. Èso kọ̀ọ̀kan ní ihò mẹ́rin nínú tí afẹ́fẹ́ kún, ohun tó ń gbé e léfòó nìyẹn. Ní tiyín, ọwọ́ lẹ ó fi já a.

Ìbéèrè: Irú ilẹ̀ wo ló wá fẹ́?

Ìdáhùn: Ibí gan-an niṣẹ́ wà. Ilẹ̀ kíkan ló fẹ́, tí pH rẹ̀ (ìwọ̀n kíkan ilẹ̀) wà láàárín 4 sí 5.5. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn tó 20 sẹ̀ǹtímítà, ẹ kó erùpẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi peat moss (ewéko irà tó ti jẹrà) àti iyanrìn dí i. Eérú tí àwọn ìyá wa ń dà sídìí ẹ̀fọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á síbẹ̀, á pa kíkan ilẹ̀ náà. Ìgbẹ́ adìyẹ ńkọ́? Ìtàkùn lásán ni yóò máa ta káàkiri, kò ní so. Ẹ máa bu omi òjò sí i, torí omi ẹ̀rọ ibòmíràn ní kálísíọ́ọ̀mù nínú, èyí tó ń pa kíkan ilẹ̀ bíi ti eérú.

Ẹ má fojú kékeré wo iyanrìn yẹn. Ní ìpínlẹ̀ yín níbẹ̀, ní Dennis ní Cape Cod, ní nǹkan bí ọdún 1816, ọ̀gbẹ́ni Henry Hall ṣàkíyèsí pé ibi tí atẹ́gùn ti fẹ́ iyanrìn bo cranberry inú igbó, ibẹ̀ ló ti ń ṣe dáadáa jù. Títí dòní làwọn àgbẹ̀ ń fọ́n iyanrìn sí i. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí gan-an, torí ojú tó wolẹ̀ dáadáa ló bí ìmọ̀ náà.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni màá jẹ ẹ́?

Ìdáhùn: Ọdún kẹta, láti òpin oṣù kẹsàn-án wọ oṣù kẹwàá.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi ránṣẹ́ sí màmá mi ní Ìbàdàn kí wọ́n gbìn ín?

Ìdáhùn: Kò ní so. Ó gbọ́dọ̀ fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sùn nínú òtútù líle kó tó lè yọ òdòdó. Kí màmá gbin ìṣápá pupa, èyí tí a fi ń ṣe zobo. Ní Florida, níbi tí ooru kò ti jẹ́ kí cranberry ṣe é gbìn, ìṣápá yìí gan-an ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ ṣúgà láyé ọjọ́un, tí wọ́n ń pè é ní cranberry Florida.