Ṣé Mo Ti Kó HIV Báyìí? Ìbéèrè Tó Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Dáhùn

Bí ẹnìkan bá jókòó síwájú mi tí àyà rẹ̀ ń já, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Dókítà, ṣé mo ti kó o báyìí?" Èmi náà á béèrè padà pé: kí ló wọ ibo? Ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú láti dáhùn. Ibẹ̀ ni òdodo ọ̀rọ̀ wà.

Inú ẹ̀jẹ̀, àtọ̀, omi ojú ara obìnrin, omi inú ihò ìdí àti omi ọyàn ni kòkòrò HIV ti máa ń ran èèyàn. Itọ́, òógùn àti omijé kì í ràn án. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹnu konu ni, tàbí ẹ fọwọ́ pa ara yín lára, tàbí ẹ fara nura pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, kò sí ohun tí ẹ ń wá lọ síbi àyẹ̀wò HIV nítorí rẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹnu kan ojú ara, ewu rẹ̀ kéré gan-an. Kọ́ńdọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò bẹ́, tí kò sì yọ, ẹ fọkàn tán an.

Ẹni tó bá ní HIV àmọ́ tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò kò sì rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń sá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Bí kọ́ńdọ́ọ̀mù bá bẹ́, tàbí tí ẹ kò lò ó rárá, tí ẹ kò sì mọ̀ bóyá ẹnìkejì yín ní HIV, ẹ má dúró de àyẹ̀wò kankan. Oògùn kan wà tí à ń pè ní PEP, tó lè dènà HIV lẹ́yìn irú ìbálòpọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ọjọ́ 28 ni ẹ óò fi lò ó.

Àyẹ̀wò tí ẹ bá ṣe lọ́jọ́ kejì kò lè sọ ohunkóhun nípa alẹ́ àná. Èyí tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní iṣan apá, tí wọ́n sì gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò láti wá èròjà ara kòkòrò náà àti ohun ìjà tí ara ń rọ láti fi bá a jà, lè rí i láàárín ọjọ́ 18 sí 45. Àwọn tó jẹ́ pé ohun ìjà ara nìkan ni wọ́n ń wá máa ń gba ọjọ́ 23 sí 90. Lára wọn ni ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí èèyàn ń ṣe fúnra rẹ̀ nílé. Àwọn kan máa ń bi mí pé, bí itọ́ kì í bá ran HIV, kí ló dé tí wọ́n fi ń nu erìgì wò? Ohun ìjà yẹn ni wọ́n ń wá níbẹ̀, kì í ṣe kòkòrò náà.

Lórí ike kékeré tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, ìlà kan gbọ́dọ̀ yọ síbi lẹ́tà C. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló yọ, àyẹ̀wò náà kò rí HIV, àmọ́ ẹ lè fọkàn tán an kìkì bí ọjọ́ tí mo kà lókè bá ti pé. Bí ìlà C kò bá yọ, àyẹ̀wò yẹn ti bàjẹ́, ẹ fi òmíràn ṣe é. Bí ìlà bá di méjì, ẹ má tíì sunkún: àyẹ̀wò mìíràn gbọ́dọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń ká mi lára jù ni àwọn tí àyẹ̀wò ti sọ fún lẹ́yìn ọjọ́ 90 pé wọn kò ní in, tí wọ́n tún ń padà wá. Wọ́n ní ọ̀fun ń dun àwọn, ara ń gbóná, oorun kò kun àwọn. Lóòótọ́, HIV lè mú ibà, ọ̀fun dídùn àti ara sísú wá láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Àmọ́ àìmọye àìsàn mìíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rù pàápàá sì ń lé oorun lójú èèyàn. Ẹni tí nǹkan mìíràn kò tún ṣẹlẹ̀ sí lẹ́yìn náà, kí ó gba èsì rẹ̀ gbọ́. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ síbẹ̀, ìbẹ̀rù yẹn gan-an ni kó wá ìtọ́jú fún.

Ohun tí wọ́n sì máa ń gbàgbé ni àtọ̀sí àti sífílíìsì, tó ń gba ẹnu ràn dáadáa. Àyẹ̀wò HIV kò lè rí wọn. Ẹ dárúkọ wọn fún oníṣègùn. Bó bá sì jẹ́ ẹnu ni ẹ lò, ẹ ní kí wọ́n mú èròjà láti ọ̀fun yín fún ti àtọ̀sí.